Kí ni kí n kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn ọmọ nípa ìparí ayò ṣẹ́ẹ̀sì?

Tíṣà Ìbàdàn:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ṣẹ́ẹ̀sì lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Ìbẹ̀rẹ̀ ayò ti mọ́ wọn lára, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọlu ọba. Àmọ́ tí kúìn méjèèjì bá ti kúrò nílẹ̀, tó ku rúùkù kan àti pọ́ọ̀nù mélòó kan, ọwọ́ wọn á rọ. Ẹni tó fi pọ́ọ̀nù kan ju alátakò rẹ̀ lọ á wá gba ọ̀mì. Ìdíje àwọn ilé ìwé ti ń sún mọ́lé, àyè tí mo ní kò pọ̀. Kí ló ṣe pàtàkì jù?

Bàbá Ẹgbẹ́:
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọba ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń sọ fún wọn pé kí ọba sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀ nígbà tí kúìn ṣì ń rìn kiri. Tí kúìn bá ti lọ, ọba di jagunjagun. Ọmọ tó jẹ́ kí ọba rẹ̀ jókòó sí g1 (lẹ́tà a sí h ni orúkọ òpó ilé, nọ́ńbà 1 sí 8 ni ti ìlà, láti ọ̀dọ̀ funfun) nígbà tí ti alátakò ti dé àárín pátákó, ẹnì kan ti dín nínú ogun tiẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ to ọba kan àti pọ́ọ̀nù kan sí ọba lásán. Ọba funfun ní e6, pọ́ọ̀nù rẹ̀ ní e5, ọba dúdú ní e8: funfun á borí, ẹni yòówù kó kàn láti ta, torí ọba rẹ̀ ló ṣíwájú pọ́ọ̀nù. Ẹ wá yí i padà: pọ́ọ̀nù ní e6, ọba funfun ní d6, ọba dúdú ní e8 síbẹ̀. Tó bá kan funfun, á ta e7. F7 nìkan ló kù fún dúdú, ọba funfun á wọ d7, pọ́ọ̀nù á dé ìlà tó kẹ́yìn, á di kúìn. Tó bá kan dúdú ńkọ́? Á lọ sí d8. Tí funfun bá ta e7, ṣẹ́ẹ̀kì ni (pọ́ọ̀nù ń kọlu ọba), dúdú á padà sí e8. Ilé kan ṣoṣo tí funfun ti lè dáàbò bo pọ́ọ̀nù rẹ̀ ni e6, tó bá sì dé ibẹ̀, dúdú kò ní ilé tó lè lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ṣẹ́ẹ̀kì. Ọ̀mì nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí wọ́n ta á títí wọ́n á fi mọ ẹni tó yẹ kó kàn, kí wọ́n tó pààrọ̀ rúùkù tó kẹ́yìn.

Ìyá Àbíyè:
Ẹ fi kún un, ẹ jọ̀ọ́: pọ́ọ̀nù etí, ti a tàbí ti h, yàtọ̀. Tí ọba alátakò bá ti wọ igun tí pọ́ọ̀nù náà ń lọ, ọ̀mì ni. Kódà kí ẹ ní bíṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn, tí bíṣọ́ọ̀bù náà kò bá rìn lórí àwọ̀ ilé igun yẹn, ọ̀mì náà ni.

Ọmọ Yunifásítì:
Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ má bínú, rúùkù ni èmi á fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa ń kù sílẹ̀ jù lọ. Ohun méjì péré. Kí rúùkù wà lẹ́yìn pọ́ọ̀nù tí kò sí pọ́ọ̀nù ọ̀tá tó lè dá a dúró mọ́, ì báà jẹ́ tìrẹ tàbí ti alátakò. Ìkejì, ọ̀nà Philidor, ọmọ Faransé ìgbà ayé 1700 sí 1800 yẹn: ẹni tí alátakò fi pọ́ọ̀nù kan jù lọ, tí rúùkù kọ̀ọ̀kan sì kù fún wọn, kí ọba rẹ̀ dúró síwájú pọ́ọ̀nù náà, kí rúùkù rẹ̀ máa ṣọ́ ìlà kẹta lọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí ọba alátakò má bàa wọlé. Tí pọ́ọ̀nù bá ti tẹ ìlà yẹn, kí rúùkù sáré lọ sí ìsàlẹ̀ pátákó, kó máa fún ọba alátakò ní ṣẹ́ẹ̀kì láti ẹ̀yìn.

Tíṣà Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé tí ọba òun bá jìnnà sí pọ́ọ̀nù tó ń sá lọ, ṣé kí òun kàn gbà pé ó ti parí?

Bàbá Ẹgbẹ́:
Rárá o! Ẹ to èyí tí Réti, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì kan, gbé jáde ní 1921 fún un: ọba funfun ní h8, pọ́ọ̀nù funfun ní c6, ọba dúdú ní a6, pọ́ọ̀nù dúdú ní h5. Funfun ló kàn. Ojú ọmọ á sọ fún un pé kò sí bó ṣe lè bá pọ́ọ̀nù h yẹn. Àmọ́ tí ọba bá gba ọ̀nà tí bíṣọ́ọ̀bù ń gbà, g7, f6, e5, ó ń lé pọ́ọ̀nù dúdú, ó sì ń lọ ran tiẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Dúdú kò lè dí méjèèjì, ọ̀mì ni. Ẹ má sọ ìdáhùn fún un o. Ẹ gbé pátákó fún un lọ sílé, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ta á.