Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé àkọ́kọ́ mi ní Berlin, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

ÀlejòTuntun:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé oníyàrá kan ní Berlin, mi ò dá gbé rí, inú mi dùn gan-an àmọ́ nǹkan pọ̀ tí kò yé mi. Ilé yìí ṣófo pátápátá, kíṣìnnì ò ní síǹkì ò ní sítóòfù, ẹnu páìpù lásán ló yọ lára ògiri, wọ́n tún tú gílóòbù lọ, wáyà ló ń rọ̀ dirodiro. Lánlọ́ọ̀dù ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó tún ní kí n san owó ìdógò oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo sì fẹ́ mọ ìlú yìí dáadáa, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ibi iṣẹ́ sí yàrá ni màá máa lọ máa bọ̀.

ÌyáÌbejì_Neukölln:
Ẹ kú oríire o, ilé á tù yín lára. Òótọ́ ni ti kíṣìnnì, ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló ń tú tiwọn kó lọ tí wọ́n bá ń kó kúrò, ẹ wá àlòkù lórí Kleinanzeigen, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ẹ má tíì ra tuntun.

Ti owó ìdógò, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, Kaltmiete ni wọ́n sì fi ń ṣírò ẹ̀, ìyẹn owó ilé gangan láìka owó híítà àti omi mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pín in sọ́nà mẹ́ta, ìdá kan nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé, méjì tó kù pẹ̀lú owó ilé oṣù méjì tó tẹ̀ lé e. Ó wà nínú BGB, ìwé òfin Jámánì, nọ́ńbà 551. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù kọ ọ́ sí lánlọ́ọ̀dù.

Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ìyẹn lè dúró, Anmeldung, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ àdírẹ́ẹ̀sì, ni kò lè dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ kó wọlé lòfin ní kẹ́ ẹ lọ fi àdírẹ́ẹ̀sì yín sílẹ̀ ní Bürgeramt, ọ́fíìsì ìjọba fún aráàlú. Lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan fún yín, Wohnungsgeberbestätigung lorúkọ ẹ̀, ìwé àdéhùn ilé ò lè dípò ẹ̀. Bürgeramt èyíkéyìí ní Berlin lẹ lè lọ, ẹ máa yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò láàárọ̀ kùtù torí àwọn èèyàn máa ń fagi lé àpọ́ńtímẹ́ǹtì wọn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni nọ́ńbà owó orí yín á wá nípa lẹ́tà, tí ibi iṣẹ́ ò bá rí i gbà, kíláàsì owó orí 6 tó wọ́n jù ni wọ́n máa fi yọ owó yín. Ẹ wá lẹ orúkọ yín mọ́ àpótí lẹ́tà àti bẹ́ẹ̀lì lónìí, lónìí ni mo wí o, torí orúkọ lẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò níbí, kì í ṣe nọ́ńbà yàrá, tí kò bá rí i á dá lẹ́tà padà, ẹ̀yin á sì máa retí ohun tí kò ní dé.

Dèjì_Moabit:
Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ tán. Lẹ́tà Rundfunkbeitrag, ìyẹn owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, náà máa dé, ẹ má rò pé gbájúẹ̀ ni, 18.36 yúrò lóṣù fún ilé kan, kì í ṣe fún orí kan. Tí òtútù bá dé, ẹ máa ṣí fèrèsé gbayawu fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri á bu.

Ẹsẹ̀Yá:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìlú. Sátidé ni kẹ́ ẹ ra gbogbo nǹkan torí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí ní Sọ́ńdè, Sọ́ńdè wá di ọjọ́ ìrìn. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin S41, ó ń yí àárín ìlú po, bíi wákàtí kan ló fi ń yípo, ẹ sọ̀kalẹ̀ níbi tó bá wù yín kẹ́ ẹ máa rìn. Bọ́ọ̀sì 100 láti Zoologischer Garten lọ sí Alexanderplatz náà dáa, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ Reichstag, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni. Ẹ lu tíkẹ́ẹ̀tì bébà ní òǹtẹ̀ o, 60 yúrò ni owó ìtanràn. Lẹ́yìn náà Tempelhofer Feld! Pápákọ̀ òfuurufú ni títí di 2008, wọ́n ṣí i fún aráàlú ní 2010, ní 2014 aráàlú dìbò pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé lẹ máa rìn. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ balẹ̀ sí ìlú yìí.

ÀlejòTuntun:
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ẹ ṣé. Mo ti lẹ orúkọ, lánlọ́ọ̀dù ní òun á fọwọ́ sí ìwé yẹn lọ́la. Ta ló mọ ẹni tó ń ta síǹkì àlòkù, tí kò fẹ̀ ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ, ní Neukölln tàbí Kreuzberg?