Ṣé abọ́ oúnjẹ lè kó ikọ́ ẹ̀gbẹ ran ará ilé?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Àkànkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin onímọ̀ ìlera tí ẹ wà níbí. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àbúrò mi ọkùnrin fi hàn pé ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìyẹn TB, ló ń bá a jà, lẹ́yìn tí ó ti ń wúkọ́ fún ohun tó lé ní oṣù kan, tí òógùn sì ń bò ó lóru títí aṣọ ìbora rẹ̀ fi ń rin gbingbin. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe ń ṣe sí i nínú ilé: a ti ya abọ́, ṣíbí àti kọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀, inú yàrá kan tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa ni ó sì máa ń wà láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí wọ́n ní atẹ́gùn kò dára fún ẹni tó ń wúkọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà pẹ̀lú wa. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà tí àrùn yìí ń gbà ràn gan-an, àti ohun tó yẹ kí a ṣe nítorí ọmọ náà. Bákan náà, ìtọ̀ àbúrò mi ti pọ́n bí osùn láti ìgbà tó ti ń lo oògùn, ẹ̀rù sì ń bà á.

Èsì láti ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Àyà

Ẹ kú àmójútó àbúrò yín. Àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni mo ń tọ́jú lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìtọ̀: oògùn tí a ń pè ní rifampicin ló ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí omijé àti òógùn pẹ̀lú, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ dá oògùn dúró. Àmọ́ bí ẹyinjú rẹ̀ bá di àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí èébì kò dáwọ́ dúró, kí ó padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kòkòrò kan tí Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, kéde àwárí rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 ló ń fa àrùn náà, inú afẹ́fẹ́ ló sì ń gbà ràn. Nígbà tí ẹni tí àrùn náà wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá wúkọ́, tí ó sín, tí ó kọrin tàbí tí ó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹ̀kán omi kéékèèké tí ojú kò lè rí máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, wọn kì í sì í tètè balẹ̀. Nínú yàrá tí atẹ́gùn kò ti ráyè wọlé, wọ́n lè máa rá bàbà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹni tó bá sì mí wọn símú lè kó kòkòrò náà sínú ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀. Abọ́, ṣíbí, aṣọ àti bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kò lè kó o ràn yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá abọ́ rẹ̀ padà sáàárín ti yín, kí ẹ sì ṣí fèrèsé yẹn sílẹ̀ gbayawu, nítorí títì tí ẹ tì í ló ń kó afẹ́fẹ́ tó léwu jọ de ẹni tó bá gbé oúnjẹ wọlé fún un. Kí ó máa dá sùn, kí ó sì máa lo ìbòmú bí ẹlòmíràn bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, títí dókítà yóò fi sọ pé ó tó. Bí oògùn bá ti ràn án, agbára àrùn náà láti ran ẹlòmíràn máa ń dínkù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìgbà tí ó ń wúkọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é ni ewu pọ̀ jù fún yín, ìdí nìyẹn tí gbogbo ará ilé fi gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Àlàáfíà

Mo ti gba irú ìtọ́jú yìí rí. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni mo fi lo oògùn mẹ́rin pa pọ̀, mo sì fi oṣù mẹ́rin tó kù lo méjì nínú wọn. Kò pẹ́ tí ikọ́ náà fi lọ, tí mo sì ń jẹun dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà, torí pé ara tó ń yá máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé oògùn ti tó. Bí ó bá dá a dúró láìtọ́jọ́, àwọn kòkòrò tó kù lè di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń jókòó tì mí láràárọ̀ títí n ó fi gbé e mì. Ẹ wá ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò yín. Ẹni tí gbogbo ilé ń sá fún kì í rí ẹni rán an létí.

Àkànkẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. A ti ṣí fèrèsé náà. Ìyá wa kò wúkọ́ rárá, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n gún wọn lápá fún àyẹ̀wò wú, wọ́n sì ní kòkòrò náà ti wọ ara wọn. Ṣé àwọn náà lè kó o ran ọmọ yìí?

Nọ́ọ̀sì Àyà

Bí fọ́tò àyà wọn bá mọ́, tí ara wọn sì le, wọn kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni, nítorí ńṣe ni kòkòrò náà sùn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn àgbáyé ni a gbà pé ó ti wọ ara wọn, ṣùgbọ́n nínú 100 irú wọn, nǹkan bí 5 sí 10 ni yóò ṣàìsàn láyé wọn. Àtọ̀gbẹ àti kòkòrò HIV máa ń mú kí ó tètè jí. Bí ìyá yín bá ní èyíkéyìí nínú wọn, ẹ sọ fún dókítà, oògùn wà tí wọ́n lè lò ṣáájú kí àìsàn tó dé.

Ti ọmọ náà ni kí ẹ má fi falẹ̀. Nínú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àrùn yìí lè yára dé ọpọlọ. Àjẹsára BCG ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ irú èyí tó le bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí ó má kó àrùn náà rárá. Ẹ gbé e lọ bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá, kí ẹ sì mú ìwé àyẹ̀wò àbúrò yín dání, nítorí dókítà yóò fẹ́ mọ oògùn tó ń ran kòkòrò náà kí ó tó yan èyí tí yóò fún ọmọ.