Ṣé yíyọ orúkọ ẹni kúrò nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ti tó lójú òfin?

Ẹ̀yin onímọ̀ òfin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi la ọ̀rọ̀ kan yé. Abala 17 nínú GDPR, ìyẹn òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí ààbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2018, fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ilé-iṣẹ́ pa àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ rẹ́, bí kò bá sí ìdí tó bófin mu mọ́ láti fi í pamọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tí mo kọ̀wé sí dáhùn pé àwọn ti fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ mi, nítorí náà àkọsílẹ̀ tó kù kì í ṣe tèmi mọ́. Lójú tèmi, àwáwí ni, nítorí pé bí ọjọ́ ìbí mi, àdírẹ́sì mi àti gbogbo ohun tí mo rà bá ṣì wà lábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò ní ṣòro láti mọ ẹni tó ni ín. Ǹjẹ́ òfin ṣì ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí tèmi? Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n tọ́jú síbòmíràn ńkọ́? Bí wọ́n bá sì kọ̀ jálẹ̀, ṣé àjọ tó ń bójú tó ààbò àkọsílẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, tàbí kí n gba ilé-ẹjọ́ lọ tààrà?