Alùpùpù láti Yaba dé Ṣakí nígbà ọyẹ́

Ọmọ Yaba: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Alùpùpù 250cc ni mo fẹ́ gùn láti Yaba gba Abẹ́òkúta lọ sí Adó-Àwáyè, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Kí ni kí n tún ṣe kí n tó kúrò nílé?

Baba Ṣéènì: Ṣéènì ni kó o kọ́kọ́ wò. Fi ìka tì í sókè láti ìsàlẹ̀, ní àárín: kó mì ní nǹkan bíi mílímítà 25 sí 35, àmọ́ ìwé alùpùpù rẹ ló mọ iye gan-an. Bó bá le jù, tí ẹrù sì wà lẹ́yìn, á ba bẹ́áríǹgì (irin tí táyà fi ń yí geere) jẹ́. Lálẹ́, fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ eruku kúrò, nù ún gbẹ, kó o tó fi epo ṣéènì sí i. Gíríìsì kọ́ o! Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa họ ṣéènì bíi yanrìn.

Ará Surulere: Fílítà afẹ́fẹ́ ńkọ́? Eruku ọyẹ́ á dí i, ẹ́ńjìnnì á máa mu epo, kò sì ní lágbára lórí òkè. Bó bá jẹ́ ti bébà, pààrọ̀ rẹ̀. Wọn afẹ́fẹ́ inú táyà láàárọ̀, kó tó gbóná.

Ìyá Ẹ̀rọ: Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ jíà kékeré kí ẹ́ńjìnnì máa fà ọ́ sẹ́yìn, bíréèkì tó bá gbóná jù kì í mú. Kún tánkì ní Ìsẹ́yìn, má dúró dìgbà tí iná epo bá tàn. Òkè Adó fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún.

Ọmọ Yaba: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ń lọ ra fílítà.