Omi wọlé wa l'Óṣogbo, Bíbélì bàbá mi, nóòtù oríkì àti fótò gbogbo ló rin. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́_Gbódófọ̀n

Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíá, mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òjò alẹ́ àná yẹn, àwa tá a wà lápá Gbódófọ̀n níbí ò sùn rárá, odò kún, gọ́tà ò gba omi mọ́, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì omi ti dé orúnkún mi. Àwọn ọmọ la kọ́kọ́ gbé lọ sílé aládùúgbò wa tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn ìyẹn la gbé fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, ìgbà tí mo fi máa rántí àpótí bàbá mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi ti bò ó.

Bàbá mi ti kú láti 2014. Bíbélì wọn wà nínú àpótí yẹn, ojú ewé tó ṣáájú ni wọ́n fi báírò kọ ọjọ́ ìbí àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí, ọjọ́, wákàtí, tí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Nóòtù kan wà tí wọ́n kọ oríkì ìdílé wa sí, àwọn fúnra wọn ló lọ jókòó ti àwọn àgbà kí wọ́n tó kọ ọ́. Álúbọ́ọ̀mù fótò méjì, ti ìgbéyàwó wọn tí kò ní kọ́lọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú wọn, sàtífíkéètì mi, àti aṣọ òkè tí màmá mi fi ṣègbéyàwó.

Àbúrò mi ọkùnrin ti kó díẹ̀ sóòrùn, ó tún ní òun fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ Bíbélì náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó dúró ná. Mo gbìyànjú láti ṣí nóòtù oríkì yẹn láàárọ̀ yìí, igun pépà kan kàn já sí mi lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tí ò tíì dì, mo pa á dé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kí ni kí n ṣe?

Olùtọ́jú_Ìwé

Ẹ kú ewu omi o àǹtí wa, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ. Láíbìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kánjú jù: kí àbúrò yín gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ pátápátá, kó sì kó gbogbo ẹ̀ kúrò lóòrùn. Oòrùn á gbẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé náà á ká kò, ẹ̀yìn ẹ̀ á já, àwọ̀ á ṣá. Ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Nǹkan kejì ni àkókò. Tó bá fi máa tó wákàtí 48 ìwé tó rin á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu, nínú ooru tiwa yìí ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí nǹkan funfun bí òwú tàbí dúdú tótòtó lára ẹ̀. Torí náà ẹ má ní ẹ fẹ́ tọ́jú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ìwé orin tẹ́nikẹ́ni ò kọ nǹkan sí, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó bá bàjẹ́ ẹ jẹ́ kó bàjẹ́. Sàtífíkéètì yín, àwọn tó fún yín ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ lọ́dọ̀, ẹ lè búra ní kóòtù kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá fọwọ́ ara wọn kọ, ọ̀kan ṣoṣo ló wà láyé. Kódà Bíbélì yẹn gan-an, wọ́n ń tà á, ojú ewé kan yẹn ni wọn ò tà.

Báírò ni ẹ ní wọ́n fi kọ ọ́ àbí? Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí íńkì báírò lóròóró nínú, omi kì í tètè wẹ̀ ẹ́ dànù bíi ti gègé tí wọ́n ń ki bọ íńkì. Ẹ pa Bíbélì náà dé, ẹ dì í mú dáadáa, kẹ́ ẹ wá da omi tó mọ́ sí i lára kí ẹrẹ̀ ṣàn kúrò, ẹ má fi kànrìnkàn ha á o. Ẹ gbé e nàró lórí táwẹ́ẹ̀lì kí omi ro. Tó bá ti ro, ẹ ki pépà funfun tàbí tísù sáàárín ẹ̀ ní bíi ogún ewé sí ogún ewé, tí pépà yẹn bá ti tutù ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíì, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ títí. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, íńkì ẹ̀ á gbà sí i lára. Ẹ tan fáànù, kẹ́ ẹ má kọ ojú ẹ̀ sí ìwé náà tààrà.

Nóòtù oríkì àti ìwé ètò ìsìnkú ní tiwọn, ẹ má ṣí wọn rárá. Pépà dídán bíi ti kàlẹ́ńdà yẹn, tó bá fi lè gbẹ bó ṣe lẹ̀ pọ̀, á di pákó, kò sẹ́ni tó máa là á mọ́. Ẹ fi ọ̀rá wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gbé wọn sínú fíríísà. Yìnyín ò ní tún wọn ṣe, kò sì ní pa ohun tó ń mú kó bu, ó kàn máa dá a dúró títí ẹ̀yin á fi ráyè. Nígbà tí odò Arno kún wọ ìlú Florence ní Ítálì lóṣù kọkànlá ọdún 1966, inú ẹrẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fọwọ́ kó ìwé láíbìrì jáde, ọ̀pọ̀ nǹkan táwa tá à ń tọ́jú ìwé mọ̀ lónìí, ibẹ̀ la ti kọ́ ọ.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, ẹ bo imú. Omi yẹn ti gba ṣáláńgá àti sọ́kàwéè gbogbo àdúgbò kọjá kó tó dé ilé yín.

Bọ̀dá_Onífótò

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ fótò. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ má fà á ya, tẹ́ ẹ bá fà á ojú èèyàn ló máa ṣí kúrò. Ẹ bu omi tútù tó mọ́ sínú abọ́ fífẹ̀, ẹ rì wọ́n síbẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ omi náà, fúnra wọn ni wọ́n máa tú. Kí wọ́n má lò ju ọjọ́ méjì lọ nínú omi. Etí fótò ni kẹ́ ẹ fi ìka dì mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú àwòrán torí ó ti rọ̀ bí awọ wàrà báyìí, kẹ́ ẹ wá tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun ní ibòji, kí àwòrán kọjú sókè. Ti ìgbéyàwó yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ẹ má rì í sómi o, àwọ̀ ẹ̀ á ṣàn. Tí ọ̀kan bá sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ jẹ́ kó wà lára gíláàsì náà, ẹ fi fóònù yà á bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ìgbọ̀nà

Mo ka ọ̀rọ̀ fíríísà yẹn, mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ọ́, iná ńkọ́? Fíríísà inú ilé tí iná ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ìwé yẹn á dì á tún yọ́, ṣé kò ní burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni? Ọmọ mi, mo ní kólúrúùmù l'Ígbọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ wa kì í kú torí ẹja. Fi ọ̀rá wé e dáadáa ní ìpele mẹ́ta kí òórùn ẹja má bàa wọ̀ ọ́, sọ ọ́ sínú páálí, kó o gbé e wá. Mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ilé tèmi náà ti rí irú ẹ̀ rí, fótò ọmọ mi àkọ́kọ́ tí ò sí mọ́, mi ò rí ọ̀kan yọ nínú ẹ̀.

Aṣọ òkè yẹn, fi omi tútù ṣàn án lọ́tọ̀, má fún un, má ká a pọ̀ mọ́ aṣọ mìíràn, tó bá jẹ́ etù aró á máa jáde lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja ní ibòji.

Àgbà_Òkèfìà

Ẹ kú ìrọ́jú ọmọ mi. Àwọn àgbà tí bàbá rẹ lọ jókòó tì, ṣé gbogbo wọn ló ti lọ? Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣì kù nínú wọn, má dúró de nóòtù. Gbé fóònù rẹ dání, bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n máa kì í kó o máa gbà á sílẹ̀. Ìwé lè yè, ó lè má yè, àgbàlagbà náà ò ní wà lọ títí.

Àbẹ̀kẹ́_Gbódófọ̀n

Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ kẹfà rèé. Bíbélì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó wú díẹ̀, ojú ewé bàbá mi wà níbẹ̀ pé, orúkọ àbúrò mi tó kéyìn nìkan ló ràn díẹ̀ torí pé ibẹ̀ ni omi ti kọ́kọ́ wọlé. Fótò mọ́kànlélógójì la rí tú, mẹ́sàn-án ti lọ, ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yẹn ni èyí tí bàbá mi gbé mi lé èjìká, mo ṣì ń sunkún ẹ̀. Aṣọ òkè àlàárì ni, kò ṣe nǹkan kan.

Mo ti lọ bá Ìyá Ẹlẹ́ja. Wọ́n fọwọ́ ara wọn tún ọ̀rá wé nóòtù yẹn, wọ́n kọ "MÁ TÀ" sára páálí, wọ́n gbé e sókè pátápátá lórí páálí títùsì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo lọ lánàá. Wọ́n kì í fún ogójì ìṣẹ́jú, ibì kan wà tí wọ́n dúró tí wọ́n ní "ìyẹn ni bàbá rẹ ò kọ dáadáa, mo sọ fún un nígbà náà." Olùtọ́jú Ìwé, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbé nóòtù náà jáde lọ́jọ́ Sátidé, ṣé inú ọ̀rá ni kó ti kọ́kọ́ yọ́ ni àbí kí n tú u kó tó yọ́?

Olùtọ́jú_Ìwé

Inú ọ̀rá ni kó ti yọ́, kí ìrì má bàa sẹ̀ sí i lára. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé tẹ́ ẹ bá ní òde lọ, ọjọ́ tí ẹ ò ní kúrò nílé ni kẹ́ ẹ mú, torí bó bá ṣe ń yọ́ lẹ máa fi ọ̀bẹ tí ò mú ṣí i ní ewé kan sí èkejì. Bí ewé kan bá kọ̀ tí ò ṣí, ẹ fi sílẹ̀, ẹ pè mí.