Ṣé a lè pa tẹlisikópù méjì pọ̀ di ẹyọ kan?

Ará Ìkòròdú: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra tẹlisikópù tòkúnbọ̀ kékeré kan, lánàá tí wọ́n mú iná lọ ni mo gbé e jáde, mo wo òṣùpá, kòtò kòtò ara ẹ̀ hàn kedere, àmọ́ ìràwọ̀ ò yí padà rárá, ó kàn tàn sí i ni, ó ṣì rí bíńtín. Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ẹ̀pẹ́ náà ní irú ẹ̀. Ṣé a ò lè pa tèmi àti tiẹ̀ pọ̀ ni, mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń ṣe é?

Ìyá Ọlọ́ja: Ẹ fi Bluetooth pa á pọ̀ jàre 😂

Tíṣà Ẹ̀pẹ́: Ẹ má dá Ìyá Ọlọ́ja lóhùn. Òótọ́ ni wọ́n ń ṣe é. CHARA tó wà lórí Mount Wilson ní California, tẹlisikópù 6 ni, fífẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan ò ju mítà 1 lọ, àmọ́ àwọn tó jìnnà síra jù tó mítà 330, bí wọ́n ṣe jìnnà síra yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó kéré. Òun ni wọ́n fi ya ìràwọ̀ Altair ní 2007, tí wọ́n rí i pé kò tiẹ̀ rí róbótó, ó fẹ̀ láàárín bí ọsàn tí wọ́n jókòó lé, torí eré tó fi ń yí ti pọ̀ jù.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ṣe fọ́tò méjì lẹ máa lẹ̀ pọ̀ o, ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pàdé. Ẹ wá dúró ní jẹ́tì wa níbí kí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì méjì kọjá: ibi tí orí ìgbì ti bá orí ìgbì, omi á ga, ibi tí orí ti bá kòtò, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ. Irú ẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tójú wa ń rí ò sì tó ìdá kan nínú ìdá 1,000 mìlímítà, wọ́n á fi páìpù tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde gbé e wá sílé kan, dígí tó ń rìn lórí réèlì á máa dá èyí tó yá dúró de èkejì. Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ kẹ̀?

Ará Ìkòròdú: Ihò dúdú (black hole) ojú ọ̀run tí wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀ jáde ní 2019 ńkọ́? Ṣebí orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn tẹlisikópù yẹn wà.

Tíṣà Ẹ̀pẹ́: Ìgbì rédíò nìyẹn, ó gùn ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, wọ́n lè gbà á sílẹ̀ sínú háàdì dískì kí wọ́n fi bàálù kó o wá síbì kan. Kódà dískì ti South Pole, ìpẹ̀kun ayé níhà gúúsù, ní láti dúró kí ọ̀gìnnìtìn ibẹ̀ parí ná.

Àmọ́ ẹ lè fi tiyín nìkan rí bí ìgbì ṣe ń pàdé: ẹ gbé páálí lé ẹnu tẹlisikópù yín, ẹ lu ihò kéékèèké méjì sí i, ẹ wá wo ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fà á súnmọ́ débi tó lè dé. Ẹ máa rí ìlà dúdú tín-ín-rín tó gba inú ẹ̀ kọjá. Ìgbì méjì ló pàdé yẹn.

Ará Ìkòròdú: Háà! Ṣé ìṣó ni kí n fi lu ihò ọ̀hún?

Tíṣà Ẹ̀pẹ́: Ìṣó tó. Kó ṣáà má fi etí ya.