Ẹ̀rọ Kò Dá Ìka Ìyá Mi Mọ̀: Ta Ni Kí A Kọ̀wé Sí?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìyá mi fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìdó-Èkìtì, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń ṣe gàrí tà, tí ọ̀bẹ àti omi ẹ̀gẹ́ fi jẹ ìlà orí ìka wọn tán, tí àtàǹpàkò wọn ń dán bí awọ ìlù. Nígbà tí ọ́fíìsì tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ní kí wọ́n wá tẹ ìka sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò dá wọn mọ̀, owó sì dúró. Akọ̀wé tó jókòó ti kọ̀ǹpútà (ọmọ tí ìyá mi kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni!) kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun kò láṣẹ láti ṣe é lọ́nà mìíràn.

Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 fàyè gbà wá láti bèèrè pé kí ènìyàn tún ìpinnu tí ẹ̀rọ nìkan dá ṣe yẹ̀ wò. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ti fi òfin yìí kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan rí, ní Adó-Èkìtì tàbí níbòmíràn? Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ lókè ni mò ń wá. Ta ni ẹ darí ìwé náà sí, ṣé wọ́n sì gba àwòrán ojú àti nọ́ńbà NIN dípò ìka?